Ìbọn Tó Ṣì Gbóná

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí Ọdẹ́tóyìnbó dé ilé àdáwà tó wà lẹ́yìn ojú irin. Ìbọn àtijọ́ ló máa ń kó jọ. Wọ́n ti sọ fún un pé bàbá kan níbẹ̀ ń ta ìbọn ìléwọ́ ńlá tó ń ki ọta fúnra rẹ̀, irú èyí tí wọn ò ṣe mọ́.

Bàbá náà ṣílẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ kan bo àyà, ó sì fi ẹ̀yìn rìn wọlé. Ara fu Ọdẹ́tóyìnbó.

"Bàbá, ṣé ẹ ò ní kọjú síbi tí ẹ ń lọ ni?"

"Mo mọ ilé mi. Wá yan tìẹ."

Ìbọn méjì wà lórí tábìlì, àtùpà ń jó lẹ́yìn Bàbá. Ọ̀kan ti dípẹtà. Èkejì ń dán, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó àtàǹpàkò. Bàbá gbé e fún un, ó na ẹnu ìbọn náà sí i láyà. Ọdẹ wo ló ń gbé ìbọn fún èèyàn báyẹn? Ọdẹ́tóyìnbó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó gbà á. Irin náà gbóná.

"Ta ló yìn ín?"

"Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti yìn ín."

Bẹ́ẹ̀, òórùn ẹ̀tù kún yàrá. Ó rọra gbé e sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ n mú onípẹtà yìí, ẹ jọ̀ọ́."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "O gbọ́n jù mí lọ. Èyí tó ń dán lèmi yàn."

Ó wá mú ọwọ́ kúrò láyà, ó yí padà láti mú aṣọ tí yóò fi wé ìbọn. Ihò kan wà láàárín ẹ̀yìn rẹ̀, ó tó àtàǹpàkò. Inú ihò náà ni Ọdẹ́tóyìnbó ti rí iná àtùpà tó ń jó níwájú Bàbá.