Owó Ìfẹ̀yìntì Tí Morákinyọ̀ Kọ Sílẹ̀ Láì San

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ara yín nílùú ọba.

1.
Káfíńtà ni Morákinyọ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Creekmouth nílùú ọba, ibẹ̀ ló ti ń kan kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná fáwọn onílé. Ìyàwó rẹ̀, Olúbùsọ́lá, ń tọ́jú àwọn arúgbó. Becontree Heath ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú Dárasími, ọmọ wọn. Àdéhùn tọkọtaya ni pé tí ọkọ bá ti pé ọgọ́ta ọdún, àwọn á padà sí Ìjẹ̀bú-Igbó, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ làwọn á sì máa ná.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ kò ní ọ̀gá tó máa bá a yọ owó yìí pamọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló máa san án. Tó bá san án, owó orí rẹ̀ lè dínkù. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san án kí ọdún owó orí tó parí, kó tó wá kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù.

Lọ́dún kan, Morákinyọ̀ fi owó náà ra ẹ̀rọ ìgégi. Nígbà tí Wùnmí, akáńtáǹtì tó ń bá a ṣe fọ́ọ̀mù, bi í bóyá ó ti san án, ó ní òun ti san án. Lọ́kàn rẹ̀, kò ka èyí sí irọ́. Ó ní tí fọ́ọ̀mù bá ti lọ tán, òun á san án lẹ́yìn náà.

Kò san án.

2.
Ẹ̀yin èèyàn mi, irọ́ àkọ́kọ́ ló máa ń ṣòro. Lọ́dún kejì, ọkọ̀ akẹ́rù ló rà. Lọ́dún kẹta, ó fi owó náà tún òrùlé ilé ìyá rẹ̀ ṣe. Wùnmí ní òun ò tíì rí ìwé ẹ̀rí kankan, Morákinyọ̀ ní kó fọkàn balẹ̀, ó wà nílé.

Bí ìyàwó bá béèrè, á ní owó náà ń pọ̀ sí i. Nígbà tí orúnkún wá ń dun Olúbùsọ́lá, ó ní òun máa fiṣẹ́ sílẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí owó ọkọ òun ti wà nílẹ̀. Morákinyọ̀ gbọ́, ó jẹ́ kó fi í sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí obìnrin náà kúrò níbi iṣẹ́ ni ọ́fíìsì owó orí kọ̀wé sí Morákinyọ̀: kó fi ẹ̀rí owó tó ní òun san hàn.

3.
Ó sáré lọ san díẹ̀ nínú owó ìfẹ̀yìntì náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó sì pe Wùnmí pé òun ti san án.

Wùnmí ní, “Ẹ̀gbọ́n, owó tẹ́ ẹ san lónìí, ti ọdún yìí ni. Kò lè padà sẹ́yìn.”

Ìgbà yẹn ló tó jókòó ti ìyàwó rẹ̀, tó sọ gbogbo rẹ̀.

Olúbùsọ́lá ní, “Dádì Dárasími, ẹ jókòó síwájú mi nígbà tí mo ní mo fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀ ń wò mí.”

“Ojú ló ń tì mí.”

“Ẹ kọ ọ́ fún wọn bó ṣe rí, ẹ má fi ọ̀kan pamọ́. Èmi náà á padà síṣẹ́.”

Ó kọ ọ́. Wọ́n ní kó san owó orí tó jẹ, pẹ̀lú èlé àti owó ìtanràn. Ẹ̀rọ lọ, ọkọ̀ lọ, ó sì ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ẹni tó ti ń pè é ní ọ̀gá tẹ́lẹ̀ ló ń bá ṣiṣẹ́ báyìí. Olúbùsọ́lá ń fi orúnkún tó ń dùn ún gun àtẹ̀gùn ilé àwọn arúgbó. Kò sẹ́ni tó ń dárúkọ Ìjẹ̀bú-Igbó mọ́ nínú ilé náà.

Síbẹ̀, wọn ò jókòó sunkún. Tí owó oṣù bá ti wọlé, owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n ń kọ́kọ́ yọ, kí wọ́n tó ra oúnjẹ. Ọkọ á san án lójú ìyàwó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka èyí, ẹ má kọ ohun tẹ́ ò tíì ṣe sílẹ̀ bí ẹni pé ẹ ti ṣe é. Ẹ san án ná, kẹ́ ẹ tó kọ ọ́. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń sọ pé “mo máa san án tó bá yá.” Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù, kì í ṣe ẹni tó ní òun máa dà á.