Àwọn Nọ́ọ̀sì Mẹ́ta Tí Kò Rí Ẹni Gbaṣẹ́ Lọ́wọ́ Wọn

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó kí orúnkún yín kan tèmi. Ẹni tẹ́rù bá ń bà kó di etí ìró mi mú. Inú mi máa ń dùn láti sọ ìtàn yìí, torí mo mọ obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí dáadáa.

Ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Ìdí-Ìṣin, nọ́ọ̀sì kan wà tó ń gbẹ̀bí, Fadérera lorúkọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dára, àmọ́ ó gbà pé kò sẹ́ni tó lè ṣe é bíi tòun. Bí Bọ́láńlé, nọ́ọ̀sì tó yẹ kó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bá dé láàárọ̀, Fadérera á ní, "Padà sílé, o ṣì kéré." Kì í fún un ní kọ́kọ́rọ́, kì í jẹ́ kó fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Ọ̀dọ̀ èmi aládùúgbò wọn ni Tinúadé, ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún márùn-ún, ti ń jẹ, tó ń sùn. Ẹ mọ ohun tí ọmọ yìí ń pe ìyá rẹ̀? Nọ́ọ̀sì, bíi gbogbo ará ìlú.

Mo ní, "Fadérera, ọmọ yìí máa gbàgbé ojú ẹ o."

Ó ní, "Màmá, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ di Sátidé." Sátidé wo? Mi ò rí i.

Lóru ọjọ́ kan tójò ń rọ̀, ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn ṣí. Obìnrin mẹ́ta wọlé, aṣọ nọ́ọ̀sì ayé àtijọ́ ni wọ́n wọ̀, ó gbẹ táútáú nínú òjò yẹn. Aago tí wọ́n fi há àyà ti kú. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n sún, wọ́n fi ààyè ẹnì kan sílẹ̀.

"Ta lara ẹ̀ ò yá nínú yín?" Fadérera bi wọ́n.

Àgbà inú wọn ní, "Ara wa kọjá yíyá. Gbogbo ẹni tó wá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wa la ní kó padà sílé. A kú sẹ́nu iṣẹ́, a ò tíì ṣíwọ́ dòní. Ìwọ là ń dúró dè." Ó fọwọ́ lu ààyè tó ṣófo náà jẹ́jẹ́, bí ẹní ń pe ọmọ kó wá jókòó.

Wọ́n kàn ń wò ó, wọn ò sì ṣẹ́jú.

Nígbà tí Bọ́láńlé dé ní ìdájí, kò rí ẹnì kankan lórí bẹ́ǹṣì, àmọ́ Fadérera ṣì ń rí wọn. Fadérera ti la ẹnu láti sọ pé "Padà sílé." Ó wo ààyè yẹn. Ó pa ẹnu dé, ó na kọ́kọ́rọ́ sí Bọ́láńlé.

Ọ̀dọ̀ mi ló gbà wá, ó rò ó fún mi. Tinúadé lajú lójú oorun, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ta ló ń ṣàìsàn?" Fadérera gbé e mọ́ra, ó sunkún títí oòrùn fi yọ. Kò pa Sátidé kankan jẹ mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ nìyí: ẹ ṣiṣẹ́ yín dáadáa, àmọ́ tí àkókò bá tó, ẹ fi lé ẹlòmíì lọ́wọ́, kẹ́ ẹ lọ sílé lọ bá àwọn tó ń retí yín.

Ẹ ò sì bi mí léèrè àwọn àlejò yẹn. Bí Fadérera ṣe kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìgbaṣẹ́ láàárọ̀ yẹn, àgbà inú wọn ní, "Kọ tiwa náà." Wọ́n dárúkọ ara wọn fún un, ó kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bọ́láńlé fọwọ́ sí i pé òun ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, kò mọ ẹni tí àwọn mẹ́ta náà jẹ́. Ni àwọn obìnrin mẹ́ta náà bá yán, wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n jáde bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, èyí tó kẹ́yìn sì rọra pa ilẹ̀kùn dé bí ẹni tí kò fẹ́ jí aláìsàn.