Àpótí Orúkọ Baba

Ọkọ mi ló máa ń gba oògùn èémí fún Baba lọ́wọ́ ògiri ẹ̀rọ ilé wa láràárọ̀. Lónìí ó ti rìnrìn àjò, èmi ni mo dúró síwájú ògiri, bàbá ọkọ mi sì ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn mi.

Ojú ìwé oògùn ṣí lára ògiri. Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, àmì ìkọ̀wé tó ń ṣẹ́jú ti fò sínú àpótí àkọ́kọ́: orúkọ aláìsàn.

Orúkọ bàbá ọkọ mi kẹ̀? Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, n ò dárúkọ wọn rí. Mo gbé àmì náà lọ síbi orúkọ oògùn, ó sáré padà. Mo tẹ "Baba wa", ó pa á rẹ́. Mo tẹ "Bàbá ọkọ mi", ó tún pa á rẹ́.

"Ìwọ ògiri yìí, ṣé wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?"

Ètè Baba ti ń yí àwọ̀ padà. Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́: Oyèkúnlé.

Ògiri tú oògùn jáde bí ìkùukùu. Ó sì fi ohùn tèmi gan-an kígbe: "Oyèkúnlé, mí dáadáa!"

Baba mí kanlẹ̀. Ojú wọn là.

"Ìyàwó, ta ló ń pè mí bẹ́ẹ̀ yẹn?"

Orúnkún mi ti kanlẹ̀. "Ògiri ni, Baba. Ẹ má bínú."

Baba gbójú sókè wo ògiri. Àmì náà ti fò sínú àpótí kejì: orúkọ ẹni tó tẹ èyí. Ó ń ṣẹ́jú níbẹ̀, kò sì fẹ́ kúrò.