Mọ́tò Oníná Alhaji Búrẹ́mọ̀

Ó di ọ̀sẹ̀ kẹjọ tí ibi tí Alhaji Búrẹ́mọ̀ kọ́ fún mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀ ní Ìdànrè ti wà lófìfo. Páànù tuntun ló fi bò ó, nítorí páànù ló ń tà. Augustine oníwáyà ti to sólà sórí rẹ̀, ó ti fa wáyà tó nípọn wálẹ̀, ó sì ti fi ọ̀rá we ẹnu wáyà náà kí òjò má baà bà á jẹ́. Mọ́tò nìkan ló kù.

Torí Sìdíkàt ìyàwó rẹ̀ ló ṣe ra mọ́tò oníná náà. Orúnkún Sìdíkàt ti wú. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń lọ sí ọsibítù ní Àkúrẹ́, táksí tí wọ́n ń fún èèyàn mọ́ bí ẹrù ló sì ń wọ̀. Tó bá ti dé, kì í lè dìde títí di ọjọ́ kejì. Alhaji ti ṣèlérí fún un pé kò ní wọ táksí mọ́ tí Iléyá bá dé. Ó ti sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú, kò sì sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́.

"Ó ti kúrò lọ́dọ̀ wa, sà," ni Olúrónkẹ́ wí, ọmọbìnrin tó ń gbé fóònù nílé-iṣẹ́ tí wọ́n ti rà á l'Ékòó. "Àwọn tó ń gbé e bọ̀ ní ìdádúró díẹ̀ wà."

"Kí ló dá wọn dúró?"

"Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀, sà."

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ rò pé ọmọdé ni mí ni?"

Alhaji pa fóònù. Òun ló máa ń pè wọ́n. Kì í gbé nọ́ńbà tí kò bá mọ̀, láti ọjọ́ tí òun àti Mùhámmẹ́d àbúrò rẹ̀ ti jà.

Oko kòkó baba wọn ní Aládé ló dá ìjà sílẹ̀. Mùhámmẹ́d nàka sí i lójú gbogbo ẹbí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kóòtù ló máa parí ẹ̀." Alhaji rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti pè é lẹ́jọ́ rí. Lójú tiẹ̀, bí òṣìṣẹ́ kóòtù kò bá rí ọ fi ìwé lé lọ́wọ́, kò sí ẹjọ́. Ìgbà yẹn náà, ṣe ló sá fún wọn títí àárẹ̀ fi mú wọn.

Nítorí náà ó gbé àga síta. Lójoojúmọ́, tó bá ti kírun Àsárì tán, á dé fìlà funfun, á mú tẹ̀súbáà, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa wo ẹni tó ń bọ̀, kí òṣìṣẹ́ kóòtù má baà bá a lójijì.

Ọkùnrin náà dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan lórí ọ̀kadà, ó fi káàdì kọ́rùn, ó di ìwé mú.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá. Alhaji Búrẹ́mọ̀ ni mò ń wá. Owena ni mo ti ń bọ̀. Ìwé kan ló yẹ kí wọ́n buwọ́ lù, wọ́n ní ọwọ́ wọn gan-an ni kí n..."

"Wọ́n ti lọ sí Mẹ́kà."

Owena ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wà, Alhaji ti gbà pé kóòtù ló rán an, kò dúró gbọ́ àlàyé kankan mọ́. Nígbà tí ọkùnrin náà padà wá lọ́sẹ̀ kejì, Alhaji ní wọn ò tíì dé. Ọkùnrin náà wo abẹ́ páànù tuntun pẹ́, ó wo Alhaji, ó sì tún gun ọ̀kadà.

Lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, Sìdíkàt ti táksí bọ́ sílẹ̀ tẹkúntẹkún.

"Kò sí mọ́tò kankan," ó wí. "Kí wọ́n lè gbọ́ ọ ní mọ́ṣáláṣí lẹ ṣe ń sọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dun Alhaji wọra. Ó rò ó títí, ó wá dá a lójú pé ẹnìkan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ó gba Aládé lọ.

Mùhámmẹ́d ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó nínú oòrùn.

"Ìwọ lo dá mọ́tò mi dúró."

"Mọ́tò wo?"

"O rán kóòtù sí mi, kò tó ọ. O tún lọ di mọ́tò mi lọ́nà."

"Kóòtù wo, Ẹ̀gbọ́n?"

Ìbéèrè yẹn ló bí Alhaji nínú jù. Ó gbá kòkó náà dànù sínú ẹrẹ̀, ìpá kan, ìpá kejì. "Tí mo bá kú, má wá síbi òkú mi. Mi ò ní àbúrò mọ́."

Mùhámmẹ́d wo kòkó inú ẹrẹ̀. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Mo ti gbọ́," ó wí. "Ẹ máa lọ."

Alhaji kò tíì jókòó dáadáa nígbà tó délé tí ọkùnrin oníkáàdì tún fi dé.

"Bàbá, ẹ dákun, ìgbà kẹta rèé. Mi ò ní lè padà wá mọ́."

"Búrẹ́mọ̀ ti kú. Ọjọ́ Jímọ̀ la sin ín. Lọ sọ fún ẹni tó rán ọ."

Ọkùnrin náà ṣí fìlà. "Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún wọn, Bàbá," ó wí, ó sì kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, Alhaji jẹun yó.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Iléyá, Sìdíkàt ti Àkúrẹ́ dé, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ nítorí kò lè gun èkejì. Fóònù rẹ̀ dún. Ilé-iṣẹ́ mọ́tò ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí nọ́ńbà rẹ̀, èyí tí Alhaji kọ sábẹ́ tirẹ̀ nígbà tí wọ́n ní kó kọ orúkọ ìyàwó. Ó na fóònù sí ọkọ rẹ̀ láìwò ó lójú. Alhaji wọ awò, ó rí ọ̀rọ̀ mọ́tò níbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè kí aládùúgbò lè gbọ́:

"Ìyáàfin Sìdíkàt, a bá yín kẹ́dùn ikú ọkọ yín: ẹ̀ẹ̀mẹta ni tírélà tó gbé mọ́tò oníná wọn dúró ní Owena, tí òṣìṣẹ́ wa gun ọ̀kadà wá gba ìbuwọ́lù wọn kí a tó lè gbé e gòkè wá, kó tó di pé baba onífìlà funfun tó ń fa tẹ̀súbáà lẹ́nu ọ̀nà yín sọ fún un pé ẹ ti sin wọ́n, a sì ti gbé mọ́tò náà fún oníbàárà mìíràn tó kàn lẹ́yìn wọn."