Ẹni Tó Ń Wó Ọkọ̀ Màmá

Mo tún ti wó ọkọ̀ ojú omi Màmá.

Inú géèmù orí fóònù ni wọ́n ti ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ọ, nínú ilé wa ní Inísà. Ọkọ̀ ńlá àtijọ́ tó gbé bàbá wọn lọ sí Ìlú Ọba ni.

"Láníkẹ́, ta ló tún ba iṣẹ́ mi jẹ́?"

"Ẹ̀yin náà lẹ tẹ ibi tí kò yẹ, Màmá. Ojú yín ò ríran mọ́."

Wọ́n nu ojú wọn, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.

"Àbúrò rẹ ní ọjọ́ tí mo bá parí rẹ̀ lòun máa wálé. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí n parí rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí."

Mi ò ṣe àmín.

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí a ti sin Dàmọ́lá sí Ìkìrun. Àwọn àgbà ilé ní a ò gbọdọ̀ tíì sọ fún ìyá rẹ̀.