Ẹni Tí Ọyẹ́ Kò Mú

Ọyẹ́ mú lálẹ́ ọjọ́ náà débi pé eyín ń gbá eyín lẹ́nu Dókítà Ìbídùn. Òun nìkan ló wà nídìí ẹ̀rọ tó fi ń wo ìràwọ̀ lórí àpáta kan lẹ́yìn Ìgbẹ́tì, kó tó rí ọkùnrin kan tó ń gòkè bọ̀. Síńgílẹ́ẹ̀tì lásán ló wọ̀, kò sì gbọ̀n rárá.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Bàbá ọlọ́dẹ ní kí n wá bá yín ṣọ́ ibí.”

Bàbá ọlọ́dẹ tó máa ń ṣọ́ ẹ̀rọ náà kò sọ bẹ́ẹ̀ fún Ìbídùn. Ara fu ú.

“Kí lẹ ń wá lójú ọ̀run, mà?”

“Ooru ni. Bí àwọn ẹ̀dá kan bá wà lọ́hùn-ún tí ọgbọ́n wọn ju tiwa lọ, iṣẹ́ ńlá ọwọ́ wọn á máa tú ooru dànù. Ẹni tó ń dáná kò lè fi èéfín pamọ́.”

Ọkùnrin náà gbójú sókè wo ìràwọ̀. “Bí wọ́n bá gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, mà, ṣé àgbàlá ara wọn ni wọ́n á dà á sí?”

Ìbídùn fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò wá. Ó rọra fẹ̀yìn rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó fọwọ́ ti àpáta kó má bàa ṣubú. Wéré ló fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Àpáta náà ti gbóná bí agbada orí iná.

“Ta ló rán yín wá gan-an?”

“Ẹ máa sọ̀kalẹ̀ lọ sílé, mà,” ọkùnrin náà wí jẹ́jẹ́. “Ooru díẹ̀ yìí, wọ́n kàn fi ń dán ibí wò ni. Ìyókù ń bọ̀.”