Ọwọ́ Tó Ṣẹ́ Kù Lára Páálí

"Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, bàbá mi ò rántí nǹkan kan mọ́," Rolande wí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé." Onígìtá àgbà náà wọlé, ó gbé ẹ̀rọ ìgbọ́rin kalẹ̀ níwájú Édouard, bàbá Rolande, ó sì fa àwo orin yọ nínú páálí rẹ̀. Ẹyọ kan yìí ló kù ní gbogbo Àjàṣẹ́. Lọ́dún 1976, òun ló ṣẹ̀dá gbogbo orin inú rẹ̀, òun ló ta gìtá, àmọ́ orúkọ Édouard akọrin nìkan ni Édouard jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ sára páálí. Wọ́n tiẹ̀ gé onígìtá kúrò nínú àwòrán. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù. Onígìtá ti búra pé ojú Édouard gan-an lòun ti máa fọ́ àwo náà lónìí.

Ó gbé àwo lé ẹ̀rọ. Gìtá bú ramúramù, orin rọ́ọ̀kì tó wúwo bí ọlọ, tí orin ìbànújẹ́ búlúùsì ń sunkún lábẹ́ rẹ̀. Ohùn Édouard ìgbà èwe gòkè. Édouard di apá àga mú, omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Ta ló ń kọrin yìí?"

Onígìtá, tó ti nawọ́ sí àwo láti fọ́ ọ, dáwọ́ dúró.

"Èmi ni," ló wí.

Rolande, tó mọ̀ pé ohùn bàbá òun ni, yíjú sí onígìtá.

"Háà! Ẹ bá mi kọ orúkọ yín sí i," ni Édouard wí, ó na páálí àwo sí i.

Onígìtá yọ gègé bíìkì lápò. Ó wọ́ ọ lórí orúkọ Édouard títí páálí fi fẹ́ẹ̀ lu, ó wá kọ tirẹ̀ gàdàgbà síbẹ̀.

"Ẹ ṣeun o, ọ̀gá mi," ni Édouard wí.